Bẹ́ẹ ṣe lè rí máńgà ní ilé ìtàwé àti láìbìrì láìrin ìrìn òfo

Nígbà tí ọ̀rọ̀ máńgà, ìyẹn kọ́míìkì Japan, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, mo lọ bá òṣìṣẹ́ láìbìrì kan, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo Detective Conan. Màmá yẹn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n ní kò sí o, ọmọ mi. Mo dúpẹ́, mo gba ilé lọ. Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí mo ń wá nǹkan míì kiri nínú láìbìrì yẹn kan náà, ojú mi ṣàdéédé bá ọmọkùnrin kékeré kan lára ìwé, ó wọ gíláàsì ràgàjì, ó so bótáì mọ́rùn, àní Conan fúnra ẹ̀! Fọ́lúùmù bíi mẹ́wàá ló tò síbẹ̀ gbọọrọ, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ Detective Conan sí lára nínú wọn, Case Closed ni wọ́n kọ sára gbogbo ẹ̀. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé VIZ Media fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, èmi ò mọ̀, màmá yẹn náà ò mọ̀, kọ̀ǹpútà sì rèé, ohun tẹ́ẹ bá bi í náà ló máa dá yín lóhùn, kò ní bá yín ronú kún un.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fura sí "kò sí" tí wọ́n máa ń sọ fún wa yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà ìwé yẹn wà ńbẹ̀, orúkọ tá à ń pè é ni kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀fù tí kò sí rárá la dúró tì tá à ń wá a. Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ sọ, ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín níbẹ̀.

Kẹ́ẹ tó jáde nílé: nǹkan mẹ́rin tẹ́ẹ máa kọ sílẹ̀

Orúkọ ìwé ni àkọ́kọ́, ẹ má kọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ máńgà ló ní orúkọ lédè Japan, èyí táwọn èèyàn máa ń pè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tún wá ní orúkọ míì tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé tí wọ́n túmọ̀. Kimetsu no Yaiba náà ni Demon Slayer. Shingeki no Kyojin náà ni Attack on Titan. Àwa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé ìtàwé lè má mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Torí náà ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ìkejì ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ní Japan orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú, àmọ́ tí wọ́n bá túmọ̀ ìwé sí Gẹ̀ẹ́sì wọ́n sábà máa ń yí i, Oda Eiichiro á wá di Eiichiro Oda. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ orúkọ ìdílé nínú ẹ̀, torí òun ni láìbìrì máa ń fi to ìwé. Abẹ́ O lẹ ti máa rí Oda, tẹ́ẹ bá lọ dúró sábẹ́ E ẹ máa dúró pẹ́.

Ìkẹta, fọ́lúùmù mélòó lẹ fẹ́? Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ìkẹrin ni ISBN, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. ISBN ni nọ́ńbà oní-dígíìtì 13 tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé níbi tí bákóòdù wà, 978 tàbí 979 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́lúùmù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, tí wọ́n bá sì lẹ fọ́lúùmù mẹ́ta pọ̀ di ìwé gbàǹgbà kan, ìyẹn náà á ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé 978 yẹn. Tó bá jẹ́ 4, Japan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ẹ yáa mọ̀ pé èdè Japan ló ṣeé ṣe kó kún inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 0 tàbí 1, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, 2 jẹ́ ti Faransé, 3 sì jẹ́ ti èdè Jámánì. Ọ̀rẹ́ mi kan ò wo ìyẹn, àwòrán iwájú ìwé ló wò, ó sanwó, ó ń retí, ìgbà tí ìwé dé ó ṣí i báyìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò rí lẹ́tà kan tó mọ̀. Ó ṣì ń wo àwòrán ẹ̀ títí dòní. Ó ní òun máa kọ́ èdè Japan. À ń wò ó.

Ibi tẹ́ẹ ti máa rí àwọn nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé yẹn, bíi VIZ, Kodansha, Yen Press, tàbí Seven Seas tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ kà á, tàbí Glénat, Kana àti Pika tó bá jẹ́ Faransé. Ẹ ya fótò ojú ìwé yẹn sínú fóònù yín, ó parí.

Ẹ jẹ́ n tètè fi kún un pé shōnen, shōjo, seinen àti josei tẹ́ẹ máa ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe irú ìtàn ni wọ́n ń sọ. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ gbé ìtàn náà jáde fún ni: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin. Ilé ìtàwé díẹ̀ ló ń fi ìyẹn to ìwé, nítorí náà ẹ má fi ṣe àdírẹ́sì.

Ibi tó ń fara pamọ́ sí

Ní ilé ìtàwé ọ̀rọ̀ yẹn ò le púpọ̀. Èyí tó bá tóbi díẹ̀ máa ń ní ṣẹ́ẹ̀fù máńgà lọ́tọ̀, wọ́n sì sábà máa ń tò ó tẹ̀ lé orúkọ ìwé láti A lọ, kì í ṣe orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Èyí tó bá kéré lẹ máa fojú wá: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà, ẹ wo ọ̀dọ̀ ìwé àwọn ọ̀dọ́ langba, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé ìtàn àròsọ, ẹ tún lọ yẹ ibi ìwé ọmọdé wò, torí àwọn kan tó ń to ìwé, àwòrán tí wọ́n bá ti rí báyìí, ti ọmọdé ni lójú wọn. Mo ti rí máńgà tí wọ́n tẹ M gàdàgbà sí lẹ́yìn, ìyẹn ni pé àgbàlagbà ni kó kà á, tó jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín ìwé ABD. Mo yọ ọ́ jáde, mo fún wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí síbi tó yẹ, lẹ́yìn tí mo ti wo inú ẹ̀ díẹ̀ ṣá.

Lẹ́tà yẹn gan-an, ẹ mọ̀ ọ́n. VIZ máa ń tẹ A sára èyí tí tọmọdé tàgbà lè kà, T fún ọ̀dọ́, T+ fún ọ̀dọ́ tó ti dàgbà díẹ̀, M fún àgbà. Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń kọ iye ọdún sí i ní tààrà, 13+, 16+, 18+. Ó ṣe pàtàkì torí pé lẹ́tà yìí ló sábà ń sọ yàrá tí láìbìrì máa kó o sí, àti pé èyí tó jẹ́ M, ilé ìtàwé lè fi nylon wé e pátápátá, wọ́n sì lè má kó o síta rárá, ẹ̀yìn káńtà ló máa wà, tẹ́ẹ ò bá béèrè ẹ ò ní rí i.

Nǹkan míì tó máa ń tan èèyàn ni ẹ̀yìn àti iwájú. Ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì la ti ń ka máńgà, ibi tí ìwé tiwa ti ń parí ni tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń to ìwé tí kò mọ̀ á gbé e sílẹ̀ bó ṣe ń gbé gbogbo ìwé, àwòrán iwájú á kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn á kọjú síta. Tẹ́ẹ bá ti rí ìwé pélébé kan, fífẹ̀ ẹ̀ tó bí ínṣì 5, gíga ẹ̀ tó bí 7 ààbọ̀, tí bákóòdù ẹ̀ ń wò yín lójú kòró, ẹ yí i padà, ó lè jẹ́ òun.

Láìbìrì ló máa ń gba ọgbọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ń lo nọ́ńbà Dewey, ètò tí wọ́n fi ń pín ìwé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, 741 sì ni ti àwòrán yíyà, 741.5 ni ti kàtúùnù àti kọ́míìkì. Ibòmíì á tún lọ síwájú sí i, wọ́n á kọ 741.5952, ìyẹn ni kọ́míìkì Japan gangan. Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta, tó sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé, ODA, TEZ, TOR, kó tó wá kan nọ́ńbà fọ́lúùmù, v.1, v.2. Tẹ́ẹ bá dé 741 tó jẹ́ ìwé bí wọ́n ṣe ń ya ojú àti imú lẹ rí, ẹ ò ṣìnà, ẹ sún mọ́ ọ̀tún díẹ̀. Láìbìrì yunifásítì tí kì í lo Dewey, tó ń lo ètò Library of Congress, PN6790.J3 ni kẹ́ẹ máa wò. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà yìí burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè wọ láìbìrì tẹ́ẹ ò dé rí kẹ́ẹ rìn lọ bá máńgà tààrà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ó máa ń dà bíi pé èèyàn mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn láìbìrì kan sì wà tí wọ́n ti sú nọ́ńbà, wọ́n kàn ń lẹ sítíkà GN (ìyẹn graphic novel, ìwé ìtàn aláwòrán) tàbí MANGA sí ẹ̀yìn ìwé, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Orí yín ló bá a ṣe nìyẹn.

Ohun tẹ́ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé yàrá lè jẹ́ mẹ́ta: ti ọmọdé, ti ọ̀dọ́, ti àgbà, kí 741.5 sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òǹkọ̀wé kan náà lè ní ìwé kan lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, kó ní òmíràn lókè lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹni tó bá wo yàrá kan tó ní òun ti wá a tán, kò tíì wá a. Kẹ́ẹ tún mọ̀ pé wọ́n máa ń da manhwa ti Kòríà àti manhua ti Ṣáínà pọ̀ mọ́ ọn, èyí ò burú, èmi náà ń kà wọ́n, àmọ́ manhwa Kòríà òsì lọ sí ọ̀tún la ti ń kà á bí ìwé tiwa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kẹ́ẹ wá mọ ẹni tó kú kẹ́ẹ tó mọ ẹni tí wọ́n bí.

Kátálọ́ọ̀gù láti orí fóònù

Láìbìrì tó bá ní kátálọ́ọ̀gù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò nídìí láti kọ́kọ́ rìn débẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé ni kẹ́ẹ fi wá a ṣáájú, kì í ṣe orúkọ ìwé, torí orúkọ òǹkọ̀wé kì í yí padà láti èdè kan sí òmíràn bí orúkọ ìwé ṣe ń yí. Ká ní Gosho Aoyama ni mo ní kí màmá ọjọ́ yẹn tẹ̀ ni, Case Closed ì bá ti jáde. Tí ìyẹn ò bá mú nǹkan jáde, ẹ tẹ ISBN. Tẹ́ẹ bá kàn fẹ́ mọ gbogbo ohun tí wọ́n ní, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá kókó ọ̀rọ̀, ẹ tẹ "Comic books, strips, etc. Japan", bí àwọn láìbìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ẹ sì máa rí nǹkan tẹ́ẹ ò rò.

Ibi tí wọ́n ti mú mi rí nìyí o. Ìwé kan wà tí wọ́n kó gbogbo fọ́lúùmù ẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo nínú kátálọ́ọ̀gù, mo rí i, inú mi dùn, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ de ìwé, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ìwé mi ti dé, mo sáré lọ, fọ́lúùmù 9 ni wọ́n gbé fún mi. Mi ò tíì ka 1! Kọ̀ǹpútà ní mo béèrè ìwé yẹn, wọ́n sì fún mi ní ìwé yẹn, èyí tó bá ti kọ́kọ́ wọlé. Torí náà, tẹ́ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ wò ó dáadáa bóyá ibẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ mú fọ́lúùmù kan pàtó, tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n tàbí kẹ́ẹ lọ sọ ọ́ lẹ́nu. Èkejì ni pé ẹ má kọ orúkọ de fọ́lúùmù 1 títí dé 10 lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní wọlé ní títẹ̀léra, 4 lè ṣáájú 2, ọjọ́ tẹ́ẹ máa dá a padà á sì ti ń lọ. Mẹ́ta mẹ́ta lèmi máa ń ṣe é. Àwọn kátálọ́ọ̀gù míì tiẹ̀ ń jẹ́ kẹ́ẹ dá orúkọ yín dúró lórí ìlà láìjẹ́ pé ẹ pàdánù àyè yín, tẹ́ẹ bá rí irú ẹ̀ ẹ lò ó.

Tí kò bá sí ní láìbìrì yín lóòótọ́, ọ̀nà ò tíì dí. Láìbìrì máa ń yá ìwé lọ́wọ́ ara wọn, ẹ̀yin lẹ kàn máa ní kí wọ́n bá yín yá a. Kẹ́ẹ tó lọ bá wọn, ẹ lọ sórí WorldCat, kátálọ́ọ̀gù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kó ti ọ̀pọ̀ láìbìrì pọ̀, ó máa fi láìbìrì tó ní ìwé yẹn hàn yín, ẹ ya fótò ẹ̀, kẹ́ẹ gbé e lọ bá wọn, iṣẹ́ wọn á dín kù. Àwọn láìbìrì kan tún wà tó ń san owó áàpù ìwé kíkà Libby tàbí Hoopla fún àwọn tó ní káàdì wọn, ẹ lè máa ka máńgà lórí fóònù láti ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Libby ẹ lè tò, lórí Hoopla ìwé wọn púpọ̀ kì í ní ìlà ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ka iye tẹ́ẹ lè yá lóṣù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní i.

Bẹ́ẹ ṣe máa bi wọ́n

Tẹ́ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ẹ ní "ẹ ní máńgà?", ẹ ti fún wọn láyè láti sọ pé rárá. Àwọn míì ò mọ ohun tó ń jẹ́ máńgà, ojú á tì wọ́n láti béèrè, rárá ló máa ń yá lẹ́nu jù. Báyìí ni kẹ́ẹ ṣe é:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìwé alápá púpọ̀ kan ni mò ń wá, kọ́míìkì Japan ni. Demon Slayer lorúkọ ẹ̀, àwọn kan ń pè é ní Kimetsu no Yaiba. Gotouge ló kọ ọ́. Fọ́lúùmù 1 ni mo fẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ rèé lórí fóònù mi."

Ẹ na fóònù sí wọn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ gbogbo ìyẹn tí kò ní tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ṣì ní kò sí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kejì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tán ni àbí ẹ ò ní i rí?" Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ti tán lè padà wá.

Ìbéèrè yẹn wúlò jù ní ilé ìtàwé. Fọ́lúùmù lè tán nítorí wọn ò tíì tún un tẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé. Ní 2021, àwọn èèyàn ń ra máńgà lọ́nà tí wọn ò rà á rí ní Amẹ́ríkà, ilé ìtẹ̀wé ò lè bá a, ọ̀pọ̀ fọ́lúùmù 1 ló dàwátì, àwọn tó ní in lọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lówó gọbọi. Ọ̀pọ̀ àwọn ìwé yẹn ni wọ́n tún tẹ̀ nígbà tó yá, àwọn tó kánjú rà á lówó gọbọi ló mọ bó ṣe rí lára wọn. Tó bá jẹ́ pé ó kàn tán ni, ẹ ní kí ilé ìtàwé bá yín ṣe ọ́dà ẹ̀ pẹ̀lú ISBN yẹn, kẹ́ẹ béèrè bóyá ẹ máa san díẹ̀ sílẹ̀ àti bóyá wọ́n á dá a padà fún yín tí ìwé ò bá dé. Tó bá jẹ́ pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ lọ wo bóyá ìwé gbàǹgbà tí wọ́n lẹ mẹ́ta pọ̀ yẹn wà, torí ìgbà míì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló dàwátì, àpapọ̀ ẹ̀ sì wà nílẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá sí, ó di ilé àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, tàbí láìbìrì.

Ní láìbìrì, ẹ lè ní kí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé wọ́n lè béèrè, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù kékeré kan ni, tàbí kẹ́ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn. Àmọ́ ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ fi ara yín sípò wọn: owó tí wọ́n ní láti fi rawé lọ́dún ní iye, ṣẹ́ẹ̀fù ò sì lè fẹ̀ sí i. Ẹ wá gbé One Piece lọ bá wọn, ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tó ti kọjá fọ́lúùmù 100 tí kò sì tíì parí, ẹ̀rù á bà wọ́n, ẹ̀rù ì bá ba èmi náà. Èyí tó kúrú tó sì ti parí ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Death Note jẹ́ 12, Demon Slayer jẹ́ 23, Fullmetal Alchemist jẹ́ 27. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn ẹ kọ orúkọ méjèèjì tó ní, òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ISBN fọ́lúùmù àkọ́kọ́, iye tó jẹ́ lápapọ̀, pé ó ti parí, àti ọjọ́ orí tó wà fún. Kẹ́ẹ tún mú ẹlòmíì tó fẹ́ kà á dání kí òun náà kọ tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì rà á, ẹ yá a! Ìwé tẹ́nì kan bẹ̀bẹ̀ fún tí kò sẹ́ni tó wá yá a, òun ni wọ́n á fi dá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lóhùn.

Tẹ́ẹ bá ní èyí tẹ́ẹ ti kà tán tẹ́ẹ fẹ́ fún láìbìrì, ẹ bi wọ́n kẹ́ẹ tó gbé e lọ. Fọ́lúùmù 3 àti 8 nìkan ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ó ti dé ọwọ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ṣí i. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé àbí? Èmi ò ṣí i. Mo rí àwòrán tó wù mí níwájú ìwé, orúkọ ìtàn tí mo mọ̀, iye fọ́lúùmù tí mo fẹ́, mo sanwó, mo délé, mo jókòó, mo ṣí i, ọ̀rọ̀ gbọọrọ bí ìwé ìdánwò, àwòrán bíi mẹ́jọ péré nínú odindi ìwé. Light novel ni mo rà, ìwé ìtàn onítàn tí wọ́n kàn fi àwòrán díẹ̀ sí, ìtàn kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà lè tẹ méjèèjì, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra níwájú. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké síbì kan pé "light novel" tàbí "manga", ẹ wá a. Ìwé atọ́nà náà wà, bíi fọ́lúùmù 13 Death Note, kì í ṣe ìtàn, àlàyé nípa ìtàn ni, ẹ má rà á kẹ́ẹ máa retí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 12. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, torí ibẹ̀ ló máa ń já jù, kẹ́ẹ gbóòórùn ẹ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Ìwé tó ti pẹ́, tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2002, ó ṣeé ṣe kẹ́ẹ rí èyí tá à ń kà láti òsì sí ọ̀tún. Ìgbà yẹn ṣe ni wọ́n ń yí gbogbo àwòrán padà bí ẹni ń wo inú dígí kó lè rọ àwọn òǹkàwé wọn lọ́rùn, gbogbo jagunjagun inú ẹ̀ á wá di ọlọ́wọ́ òsì. 2002 ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Tokyopop bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà ní Japan, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Torí náà ìwé tó yí padà yẹn kì í ṣe ayédèrú, àgbà ìwé ni.

Ayédèrú wà o. Ẹ wo ojú ewé tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ àdàkọ sí, ẹ wo ISBN tó wà níbẹ̀ bóyá ó bá ti ẹ̀yìn ìwé mu, bóyá ó sì bá èyí tó wà nínú fóònù yín mu. Tí ojú ewé yẹn ò bá sí rárá, tí dúdú inú àwòrán ń ràn bíi fótókọ́pì, tí ọ̀rọ̀ gé lẹ́bàá ewé, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá tà á fún yín ní ìdajì owó mọ ìdí tó fi tà á bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ tọ́ ìtàn kan wò kẹ́ẹ tó fi owó tàbí wàhálà wá a, Shueisha, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Japan, ní áàpù kan tó ń jẹ́ MANGA Plus, láti 2019 ló ti wà, ẹ lè ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó jáde gbẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ìtàn wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ó sì tó láti mọ̀ bóyá ìtàn yẹn máa wọ̀ yín lára. Èmi máa ń ka mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò kì í fọwọ́ kan mẹ́ta ìkẹyìn, ẹ má ba adùn jẹ́ fún ara yín.

Ẹ wá ní àkọsílẹ̀ ohun tẹ́ẹ ti ní nínú fóònù yín pẹ̀lú, kódà kó jẹ́ fótò ṣẹ́ẹ̀fù yín lásán, kẹ́ẹ lè yọ ọ́ wò nínú ilé ìtàwé kẹ́ẹ tó sanwó. Èmi fọkàn tán orí mi. Fọ́lúùmù 5 méjì ló wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìbejì, 6 ni mi ò tíì rí rà.